Oorun Àwọn Afọ́kùúta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa pẹ́ lórí ìkíni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Nítorí Bàsílì ni, àbíkẹ́yìn yín.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣọ́ oorun àwọn alágbàṣe? Bí wọ́n bá kọ ebè tán tí wọ́n sùn sábẹ́ igi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa lé adìyẹ, ẹ ó máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ kan ẹ mú fádà dúró nínú oòrùn títí alágbàṣe kan fi jí. Fádà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé Póòpù ló ń dúró dè é. Ẹ ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí i. Òfin ilé wa nìyẹn.

Bàsílì ti fi oko sílẹ̀. Òkúta ló ń fọ́ báyìí lẹ́sẹ̀ òkè. Wọ́n á sun táyà lórí àpáta kó lè sán, wọ́n á wá fi òòlù lù ú títí yóò fi di wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń kọ́lé ń rà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa ń dùn ún láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí igi ìyeyè. Oògùn ìrora kan wà tí wọ́n ń pè ní tírámádọ́ọ̀lù. Dókítà ló yẹ kó fúnni, ṣùgbọ́n lọ́jà wa, àárín bisikíìtì àti sìgá ló ń gbé. Afọ́kùúta tó bá gbé e mì kì í mọ̀ pé apá ń ro òun. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Séfù, a máa pò ó mọ́ kọfí àárọ̀ wọn. Ó ní òun ń tọ́jú òṣìṣẹ́ òun.

Ìjọba gbọ́, wọ́n rán ọ̀gá kan wá kìlọ̀ fún wọn. Bàbá, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín! Ó wọ kóòtù nínú oòrùn yìí, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń sọ irú Faransé kan. Èmi Mètírẹ́ẹ̀sì, olùkọ́ tí mo fi Faransé kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, díẹ̀ ló kù kí n sáré lọ wá ìwé atúmọ̀ èdè. Afọ́kùúta kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Mètírẹ́ẹ̀sì, kí ló ń wí?"

"Ó ní oògùn yẹn ń pa ènìyàn."

"Látàárọ̀? Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Séfù ló pàtẹ́wọ́ jù.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàsílì há a sáàárín lórí alùpùpù, wọ́n gbé e wá fún mi. Ó ti mu kọfí Séfù, ó sì tún fi ọtí sódábì gbé hóró tírámádọ́ọ̀lù kan mì.

"Ẹ má jí i o, Mètírẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ ọkùnrin méjì ló ṣe lónìí."

Èmi náà ò jí i. Mo bò ó láṣọ, mo lé adìyẹ bíi tiyín, mo jókòó tì í, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń hanrun bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí ìsinmi. Nígbà tó yá, ìhanrun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Á dákẹ́, màá ṣa ẹ̀wà lọ, kó tó tún fà á. Mo wo ètè rẹ̀, ó ti dà bí eérú. Èékánná rẹ̀ ti rí bíi ti ẹni tó ń rẹ aṣọ láró. Mo pè é, mo gbá a létí, mo fi oríkì rẹ̀ pè é. Kò jí.

Ọlọ́kadà àdúgbò wa ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fún un ní èémí, olùtọ́jú aláìsàn kan ń kígbe mọ́ mi.

"Ta ló ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kó máa sùn? Ìyá, ìyẹn kì í ṣe oorun! Oògùn yìí ló ń mú kí àyà gbàgbé èémí. Bí ẹ bá jí ẹni tó ń hanrun báyìí tí kò jí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ gbé e wá kíá!"

Ta ló ní kí n fi í sílẹ̀? Bàbá, mi ò lè dárúkọ yín.

Wọ́n rí i gbà padà. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bó ṣe tún gbé òòlù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta ò mọ̀ pé mo ti ń dàgbà."

Mo lọ bá Séfù.

"Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni, Màdáàmù. Kọfí ni mo ń fún wọn."

Kí lẹ̀ bá sọ fún un, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu yín?

Nítorí náà, mo ti ń rú òfin yín. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán tí wọ́n sùn sábẹ́ máńgòrò, màá gun òkè lọ, màá máa fi ọ̀pá mi gún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ lajú o, Ọlọ́pàá Oorun ti dé!"

"Pirẹ́sán, Mètírẹ́ẹ̀sì!"

Wọ́n á na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀. Bàsílì ní mò ń dójú ti òun, ó ń bú mi. Kó máa bú mi. Ẹni tó ń búni, ó ń mí.

Lónìí orúnkún mi wú, mi ò lè gun òkè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọjá lọ sílé. Mo bi wọ́n léèrè.

"Ó wà lẹ́yìn, Mètírẹ́ẹ̀sì. Ó ní ká jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀."

Mo ti rán ọlọ́kadà lọ wò ó. Mo ń kọ lẹ́tà yìí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Alùpùpù kan ń bọ̀. Ó kọjá. Kì í ṣe òun.

Bàbá, nínú gbogbo wa, Bàsílì lẹ fẹ́ràn jù. Ẹ má sẹ́, a ti mọ̀ tipẹ́, mo sì ti dárí jì yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín lọ́run, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ má fún un lómi mu. Ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ ju òkò lù ú, ẹ bá mi lé e padà wálé.

Èmi ni, ọmọ yín tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì fẹ́ kí ẹ rí àlejò lónìí.