Ìwé Tí Mo Fi Gé Pátánì

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ẹ mì. Èmi ìyá ẹ wà láàyè, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ obìnrin ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Áfáà tuntun dé sílé-kéwú wọn, ó fún wọn ní fóòmù tó ń bi wọ́n pé: Kí lò ń rò nígbà tó o bá ń kéwú? Ibo ló ti dà rú mọ́ ẹ lójú? Báwo lo ṣe mọ̀ pé o ti mọ̀ ọ́n? Háà! Mo ní fóòmù ọsibítù rèé, wọ́n ti rí nǹkan lórí ọmọ mi. Mo pè ẹ́, mo gbé e síwájú fóònù kékeré mi kí o lè bá mi wò ó, o ní o ò rí nǹkan kan. Mo bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì pé kó fún un lóògùn ọpọlọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbowó.

Kò tán síbẹ̀ o. Áfáà tún ní kí kálukú ní ìwé tí á máa kọ ohun tí kò yé e sí. Àwọn ọmọ yòókù kọ ìlà kan, ìlà méjì. Tàbúrò ẹ kún bámúbámú! Mo ṣí i, ó kọ ọ́ pé èyí ò yé mi; mo tún ṣí i, ó kọ ọ́ pé èyí náà ò yé mi. Ọmọ tó ti há ìdajì Kùránì sórí! Ojú tì mí, mo ní olódo ni mo bí yìí, mo bá ti àlùmọ́gàjí bọ ìwé náà, mo fi gé pátánì ọrùn àti apá fún aṣọ ìyàwó onífọ́tò. Ọmọ náà dúró, ó ń wò mí, kò sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, Áfáà fúnra ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá kí mi kú oríire, pé nínú gbogbo wọn, ọmọ tèmi nìkan ló mọ ibi tí òye ẹ̀ dé dúró, pé ọmọ tí ìwé ẹ̀ ṣófo lòun ń bẹ̀rù fún. Ó ní kí n gbé ìwé náà wá kóun fi han àwọn yòókù. Pátánì apá aṣọ ni mo gbé lé e lọ́wọ́. Yéè, mo rí ojú ẹ̀!

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ọmọ mi. Bí mo bá bi àbúrò ẹ báyìí pé kí ló ṣòro, á ní kò sí, Màámi, òun ti mọ gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀! Ìwọ náà, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gbá ẹ létí pé ìbéèrè ẹ pọ̀ jù, látìgbà náà, kò sí wàhálà lo máa ń sọ fún mi. Mo rò pé ìgbọràn ni.

Mo ń fi píìnì to ìwé náà padà. Lára pátánì ọrùn ni mo ti rí i pé ó kọ ọ́ pé Màámi máa ń ka Fátíhà ní gbogbo ìrun, ṣé ó yé wọn? Ogójì ọdún! Ẹnu mi mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Jọ̀ọ́, fi owó ìwé méjì ránṣẹ́, ti àbúrò ẹ àti tèmi, kó nípọn. Má fi sí báǹkì o. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fóòmù wọn pé mo ti kà á, ó sì yé mi, mi ò sì lè purọ́ yẹn mọ́.

Àdúà Lárúbáwá ni mo fi máa ń kádìí lẹ́tà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lónìí. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á mú ẹ bọ̀ wálé wá bi mí ní ìbéèrè. Ìyẹn yé mi.

Ìyá ẹ.