Ìwọ̀n Àbúrò Rẹ Tí Mo Fún Ọ̀gá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa kò ní di etí sí tìrẹ. Bí o bá wà ní ìdúró, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Àbúrò rẹ gun àtẹ̀gùn ilé wa. Mo ní ó gùn ún, ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò di ẹnikẹ́ni mú, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí àìsàn iṣan ò jẹ́ kó rìn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Màmá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kó lè gun òun lẹ́yìn, ló bá ní, "Màámi, ẹ dìde, ẹ̀yìn yín ti ṣiṣẹ́ tó."

Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, bó ṣe ní kí a máa ṣe. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe wá sọ pé ojú ara mi ni mo yà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọkùnrin tó ń sunkún yẹn, èmi ni, kò sí ohun tó ṣe mí.

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ gan-an. Nígbà tó ṣàlàyé pé ìwé kékeré kan wà nínú ara tí iṣan ń wò kó tó dàgbà, pé ti àbúrò rẹ ní àṣìṣe, ojú ẹsẹ̀ ló yé èmi télọ̀. Bébà tí a fi ń gé aṣọ ni. Bí bébà bá wọ́, aṣọ á wọ́. Ó ní kòkòrò àrùn tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ ni yóò gbé ìwé tuntun wọlé. Mo bi í bóyá kòkòrò náà mọ̀nà, ó ní ó mọ̀nà. Mo wá wọn àbúrò rẹ fún un, èjìká, ìbàdí, gígùn ẹsẹ̀, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ létí, ọmọ ṣì ń dàgbà. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wo bó ṣe bá a mu! Àwọn kan níbí ń sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ọ̀gá rẹ gún un yẹn ló ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń lo abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó lè dá ṣe láìsí ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan ń tì mí lójú. O mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ilé bàbá màmá rẹ ni àìsàn yìí ti wá. Ọ̀gá rẹ ní èmi mú ìdajì wá, màmá rẹ náà mú ìdajì wá, bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé e. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn oníbàárà mi. Ó ní òun ti gbọ́, kí n dìde kí n parí aṣọ wọn.

Ó wá ku owó. Má bínú, bàtà ni. Gbogbo bàtà tí àbúrò rẹ ti ní láyé rẹ̀, tuntun la fi ń tọrẹ nígbà tó bá ti há a lẹ́sẹ̀, torí kì í fi í rìn. Láàárọ̀ yìí ló bọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hàn mí: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ibi àtàǹpàkò ti lu síta. Màmá rẹ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jù ú nù. Tètè fi owó òmíràn ránṣẹ́, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn kiri níta, ó kọ̀ kò wọlé.

Ayọ̀ wa kò ní di ayọ̀ abara tíńtín. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ire ni yóò máa bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.