Sípéènì Tí Mò Ń Kọ́ Nítorí Yétúndé

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, bí ibi tí ẹ wà bá ṣe é pè nílé. Mo ṣì wà ní Ìkìrun, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé ọmọ yín tó máa ń sá nílé ìwé ti padà di akẹ́kọ̀ọ́? Èdè Sípéènì ni mò ń kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Yétúndé ló fà á. Lẹ́yìn tí a sin yín sí Òkukù ni ìyàwó Ṣégun bí i ní Sípéènì lọ́hùn-ún. Ṣégun àbúrò mi ti fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, kì í gbé fóònù wa mọ́, ọmọ náà ò sì gbọ́ Yorùbá kankan. Bí mi ò bá gbọ́ èdè tirẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ fi lọ yà síbi tí a ò ti ní gbọ́ ohùn yín?

Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Inísà, sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ti gbé Sípéènì rí. Màámi, obìnrin ni tábìlì níbẹ̀, ọkùnrin ni ìwé! Ta ló tú ìró tábìlì wò? Bí èmi bá ń sọ̀rọ̀, hablo. Bó bá jẹ́ ìwọ, hablas. Bó bá jẹ́ òun, habla. Mo máa ń kà á bí mo ṣe ń ránṣọ, á sì dà pọ̀ mọ́ra lẹ́nu mi. Ó ti sú mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Yétúndé lójú fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bí ẹ ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Usted ni mo fi kí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀rù ba ọmọ, ó sá wọlé. Olùkọ́ mi ní ọmọ náà yóò rò pé àjèjì ni mo ka òun sí, pé tú ni kí n máa pe ọmọdé. Ṣé kí n wá máa fi “ìwọ” pe ìyá mi ni?

Mo gbà nígbẹ̀yìn. Lánàá, mo pè wọ́n, mo jókòó sórí àga bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, mo fi tú bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó bi í pé ta ni mí, pé òun ò mọ̀ mí, kí ó jọ̀ọ́ pa fóònù náà.

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, Màámi. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.