Odò Ti Dé Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Olùkọ́ wa ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní kí á máa kọ ohun tí ojú wa bá rí. Tèmi rèé: odò tún ti jẹ nínú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi. Igi máńgòrò lọ tòun ti gbòǹgbò. Omi pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fọ aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ
Ẹlẹ́nu-bí-abẹ, apẹja tó múlé tì mí, fa àwọ̀n rẹ̀ sókè. Ọ̀rá àti bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá a jáde. Ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ bá mi bẹ Àrẹ̀mọ o, kó ṣẹ́ ẹja kan kù fún mi nínú iyanrìn tó ń kó.”
Mo ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú.
“Èyí ò kún mọ́, Màmá. Ó ti di kànga.”
Àkọ́bí mi ni Àrẹ̀mọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń fa iyanrìn lókè odò. Iyanrìn yẹn ló fi kọ́ ilé yìí fún mi. Mo ti fi yangàn ní kíláàsì títí ó fi sú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ
Mo mú Àrẹ̀mọ dé bèbè. Mo ní, ẹni tó ń wú ìdí ògiri, kí ló fẹ́ kí ògiri gbára lé? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òjò ni, ó ní kí n kó wá sílé òun. Kí n sá fún omi tí ọmọ mi ń tì bọ̀? Mo kọ̀. Ó ṣèlérí pé òun ò ní wa iyanrìn lókè odò mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ
Mi ò gbọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ gidi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ
Gbì! Mo sáré dé ẹ̀yìn — ilé ìdáná ti ya sódò. Sítóòfù, ìkòkò, àwo, gbogbo ẹ̀. Ẹlẹ́nu-bí-abẹ bá mi yọ ìkòkò kan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ
Àrẹ̀mọ gbé ọkọ̀ iyanrìn kan dé, ó ní òun yóò fi dí ihò náà. Omi ṣì ń kán lábẹ́ ọkọ̀. Mo bi í pé níbo ló ti wà á.
Ó ń wo bàtà rẹ̀. “Màmá, mi ò wa òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ odò ni.”
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni mo sì bí i.
Mo ní kó dá a padà sódò. Awakọ̀ rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Àrẹ̀mọ ò rẹ́rìn-ín.
Mo ti di ẹrù mi. Àbúrò mi obìnrin ní yàrá kan tó ṣófo fún mi. Ilé Àrẹ̀mọ kọ́ ni mò ń lọ.