Ọ̀sán Tí Mo Bojú Wẹ̀yìn ní Leszno

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Àdúgbò Zatorze,
                                                            Leszno,
                                                            Poland.
                                                            Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Bronka, ẹni tó rọ́pò ìyá fún mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ sì kú òjò ìlú Bergen tí kì í dá. Ṣé ara yín le? Torbjørn ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó padà sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀? Solveig ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbọ́ èdè wa, àbí ó ti di ará Norway pátápátá? Ẹ bá mi fà á létí díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ pé àbúrò ìyá rẹ̀ ló ní kẹ́ ẹ fà á. Àwa náà wà níbí, a ò ṣàìsàn. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka rẹ̀ kan fà ya. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ludmiła ìyàwó mi ti ń sè é, tó ń rọ ọ́ sínú ìgò. Gbogbo ilé ń ta sánsán bíi ti ìgbà tí a wà ní kékeré, nígbà míì mo máa ń dìde lórí àga bíi pé màmá ló pè mí láti ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ kì í wo eré alùpùpù mi mọ́, mi ò sì dá yín lẹ́bi. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ọsibítù ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí egungun ìbàdí mi fọ́ sí mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ eré náà kúrò lára mi. Ẹ ò sunkún. Ìgbà tẹ́ ẹ dé ilé ni Ludmiła rí yín tẹ́ ẹ ń bì. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ nínú rédíò pé àwa la gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí rédíò mọ̀ kò pọ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an.

Ọjọ́bọ̀ ni kóòṣì wa, Bàbá Hieronim Duda, wá sílé wa. Ó pe Tymoteusz Rzepka wá pẹ̀lú. Tymoteusz yìí lẹni tí wọ́n fi ṣe ìkejì mi nínú ìdíje náà, torí méjì-méjì ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń gùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, èmi sì ti di mẹ́tàdínlógójì. Ó ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé tí okùn tí wọ́n ta dí wa níwájú níbẹ̀rẹ̀ eré bá ti gbéra báyìí, kò mọ̀ pé èèyàn kankan wà láyé mọ́. Ní oṣù Keje, nígbà tí a lọ gùn ní Sweden, ó gba ipò kìíní nínú eré márùn-ún, èmi gbẹ̀yìn nínú mẹ́ta, orílẹ̀-èdè wa sì ṣe ipò kẹta. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ẹrù ni mo jẹ́ lórí Tymoteusz. Ludmiła fi ìwé ìròyìn náà dáná.

Bàbá Hieronim mú ápù mẹ́rin nínú èyí tí Ludmiła fẹ́ sè, pupa méjì, àwọ̀ ewé méjì, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Tiyín ni pupa," ó ní. "Àwọn ará Denmark ni ti àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ṣe kìíní gba àmì mẹ́rin, ìkejì gba mẹ́ta, ìkẹta gba méjì, ẹni tó gbẹ̀yìn, òfo. Tymoteusz, tó o bá ṣe kìíní, tí Gracjan gbẹ̀yìn, àmì mélòó la ní?"

"Mẹ́rin."

"Àwọn ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà wo ápù títí. "Márùn-ún."

"O gba ipò kìíní, o sì pàdánù. Ṣó yé ọ?"

Tymoteusz rẹ́rìn-ín, ó mú ápù pupa kan, ó gé e jẹ. "Ẹ ní kí bàbá àgbà yìí máa yára nìyẹn. Bàbá àgbà, ṣé ẹ ti fi oògùn pa ẹ̀yìn yín lónìí?"

"Fi ápù mi sílẹ̀, ọmọ aláìmoore," mo dá a lóhùn. "Mo ti ń gun alùpùpù nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ṣíbí fún ọ lónjẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Hieronim.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, oòrùn rọra yọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń jí láìfẹ́ jí. Ẹ rántí bí Leszno ṣe máa ń rí lóṣù Kẹsàn-án, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń dà bí oyin. Láti aago méjìlá ni èrò ti kún pápá. Erùpẹ̀ pupa náà tutù, ó ń dán. Tí mo bá ti gbọ́ òórùn epo eré tó ń jó, mi kì í mọ ọdún tí a wà mọ́. Mo lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mo lè jẹ́ ọmọ ọdún méje tó jókòó léjìká bàbá.

Ṣùgbọ́n mi ò gùn dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbẹ̀yìn nínú eré kejì. Nínú ìkẹrin, táyà mi yọ̀ ní kọ́nà, díẹ̀ ló kù kí n fara gbá ògiri. Tymoteusz nìkan ló gbé wa dé àṣekágbá, àwa àti Denmark, ẹni tó bá ní àmì jù níbẹ̀ ló máa gba ife. Nígbà tí mo padà sí ibi tí a ti ń tún alùpùpù ṣe, mo rí i tí ẹni kẹta tó ń gun alùpùpù fún wa, ẹni tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú tàbí tí kò bá ṣe dáadáa, ti ń wọ ìbọ̀wọ́. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà irin ẹsẹ̀ òsì mi, èyí tí a fi ń wọ́lẹ̀ ní kọ́nà.

Bàbá Hieronim wá dúró sí iwájú mi. "Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?"

"Mo rí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ẹni kẹta wa."

"Òtútù ló ń mú un. Wọ bàtà rẹ. Ìwọ lo máa dúró sí ìlà kìíní, nínú lọ́hùn-ún."

Ìlà kìíní! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n omi sí pápá, ìlà kìíní ni táyà sì máa di ilẹ̀ mú jù lọ. Tymoteusz gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá, èmi ni mo ní àmì jù lọ lónìí! Kí ló dé tẹ́ ẹ máa fún wọn ní ìlà kìíní?"

"Torí pé ẹni tó bá ṣáájú gbọ́dọ̀ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bojú wẹ̀yìn," Bàbá Hieronim ní, ó sì lọ.

Àwa mẹ́rin la dúró lẹ́nu okùn: èmi pẹ̀lú akoto pupa, Tymoteusz pẹ̀lú búlúù, àwọn ará Denmark méjì, Asger Hjorth pẹ̀lú funfun àti Malthe Krogh pẹ̀lú yẹ́lò. Ìyípo mẹ́rin péré. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Okùn gbéra. Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé kọ́nà àkọ́kọ́, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí ilẹ̀ pápá Leszno báyẹn nínú ìdíje àgbáyé, láìsí ẹni tó ń da erùpẹ̀ sí mi lójú. Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń pariwo, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ń ké, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Alùpùpù náà ń yọ́ lọ lábẹ́ mi bí ọkọ̀ ojú omi. Mo rí obìnrin kan tó gbé ọwọ́ lé àyà. Mo rí ẹyẹ funfun kan tó ń fò lọ sí apá ibi tí ilé wa wà. Mo ronú pé, bí ikú bá rí báyìí, kò burú.

Ní ìyípo kejì, mo wo ẹ̀yìn láti abẹ́ apá mi. Funfun ló tẹ̀ lé mi, yẹ́lò tẹ̀ lé e. Búlúù dá wà lẹ́yìn pátápátá.

Mo ṣe ìṣirò ápù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́rin fún wa, márùn-ún fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò yọwọ́ lórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ìdajì ìyípo gbáko, mo ń bá eré lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé, tèmi ni èyí. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé mi ò tíì di ẹrù. Tí a bá pàdánù, Tymoteusz ló gbẹ̀yìn, òun ni wọ́n máa bú, kì í ṣe èmi. Inú mi dùn sí èrò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mọ́ mi nínú bí oyin. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, mo rọra dín iná kù. Asger fò kọjá lápá ọ̀tún mi bí afẹ́fẹ́, erùpẹ̀ rẹ̀ sì bo awò ojú mi. Nígbà náà ni mo gbọ́ ariwo àwọn èèyàn, ariwo ìbànújẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Malthe náà fẹ́ gba ibi tí Asger gbà. Mo sún síta díẹ̀díẹ̀, mo ń dí i lọ́nà, òun náà ń sún, títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀bá ògiri. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo kàn wà níbi tó fẹ́ gbà ni. Gbogbo ọ̀nà inú lọ́hùn-ún wá ṣófo sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún àlejò.

Tymoteusz gba ibẹ̀ wọlé. Ó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹ́ máa lọ. Ó yára tó láti lé Asger, ó sì ṣeé ṣe kó bá a. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, Malthe máa rí àyè láàárín wa. Mo wò ó. Mi ò lè sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo kàn wò ó.

Orí rẹ̀ yí. Akoto búlúù náà yí sẹ́yìn, ó wo Malthe, ó wo èmi, ó sì dín iná kù. Ó dúró tì mí. Ìyípo tó kù, ẹ̀gbẹ́ ara wa la wà, òun nínú, èmi níta, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ láàárín wa. Malthe gbìyànjú sọ́tùn-ún, ó gbìyànjú sósì. Kò sí ọ̀nà. Asger ṣe kìíní, Tymoteusz fi táyà iwájú ṣáájú mi, mo ṣe ìkẹta. Márùn-ún sí mẹ́rin.

Ìyá Stefcia tó máa ń dúró sí ẹ̀bá kọ́nà kejì láti ìgbà ayé bàbá wa nawọ́ lórí ògiri, ó di ọrùn mi mú. "Gracjan, foríjì mí! Mo rò pé ẹ́ńjìnnì rẹ kú ni, mo ti bú ọ, mo ti bú ìyá ẹ́ńjìnnì!" Asger wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń fi èdè wa tí kò gbọ́ dáadáa sọ̀rọ̀: "Olè ni ọ́. O fún mi ní ipò kìíní, o gbé ife lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi wà lójú rẹ̀.

Wọ́n gbé ife fún wa lórí pèpéle. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Tymoteusz jókòó tì mí lórí àpótí irinṣẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà níwájú," ó ní. Kò pè mí ní bàbá àgbà.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ bá ti ṣe kìíní. Ní Leszno níbí."

"O wà lẹ́yìn," mo ní.

Ó tẹ orí rẹ̀ ba. Mo fẹ́ sọ fún un nípa ìdajì ìyípo yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Ẹ̀yin ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ tí mo bá jí ṣúgà, ẹ kì í sì sọ fún màmá.

Lánàá, mo lọ bá Bàbá Hieronim nílé rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti fi eré sílẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó bu ọbẹ̀ fún mi, ó ní kí n jẹ ẹyin inú rẹ̀ kó tó tutù. Nígbà tí mò ń lọ, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ludmiła ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́.

Ẹ bá mi kí Torbjørn, ẹ bá mi kí Solveig, ẹ kí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí wa. Tí ìsinmi yín bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Yàrá yín ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo gun kẹ̀kẹ́ Ludmiła lọ ra búrẹ́dì. Ẹ mọ̀ pé alùpùpù eré wa kò ní bíréèkì, ogún ọdún ni mo fi gun ohun tí kò ṣeé dá dúró. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, tí mo dé ẹ̀gbẹ́ oko ṣúgà-bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, kùrukùru ṣì wà lórí ewé, oòrùn ń gba inú rẹ̀ bọ̀. Mo tẹ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ náà dúró. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ títí búrẹ́dì fi tutù.

Èmi tí ẹ tọ́ dàgbà, tó fẹ́ràn yín,

Gracjan Wilczura