Nọ́ńbà Iwájú Àdàbà

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹfà, 2010

Àdàbà dé lónìí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn – mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké kúù-kúù bí ẹyẹ. Àǹtí Oyèbísí ló rà á. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé ní Ladi-Lak, ní Ṣómólú l'Ékòó, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní abúlé. Àwọn ará ilé gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n da Fáńtà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò ń kán díẹ̀díẹ̀. Fáńtà àti òjò jọ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, ó pọ́n bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Mo kàn dúró, mò ń wò ó.

Àjàlá tó ń gbé yàrá iwájú ní, “Mọ́tò àyálò! Ọjọ́ Ajé lẹ máa dá a padà fólówó.” Mo ní kó lọ wẹ̀ ná kó tó máa sọ̀rọ̀ mọ́tò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Àìkú, 6

Mo pe Tófúnmi kó wá ya fọ́tò. Òun ló ń ṣe àwòrán ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Bajulaiye. Kọ̀ńpútà ni mò ń pè é. Àǹtí ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya àwọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya Níní ọmọ wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gbé ọmọ náà sá kúrò ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọkọ tó gbá eyín iwájú wọn yọ. Ikúmápàyí lorúkọ rẹ̀. Ó ti búra pé òun á gba ọmọ òun, ìyá ọmọ ò sì ní fojú kàn án mọ́ láyé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i, níbi ìgbéyàwó wọn, mo ṣì kéré. Fìlà nìkan ni mo rántí.

Nítorí náà, èmi nìkan ni mo dúró ti Àdàbà. Mo ní kó jẹ́ ògiri lásán ló máa wà lẹ́yìn mi, kẹ́nikẹ́ni má mọ àdúgbò. Ọlọ́gbọ́n! Mo wá fi aṣọ nu nọ́ńbà iwájú títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá pè é ní àyálò, kó kà á.

Kọ̀ńpútà ní, “Ṣé kí n pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kí n tó gbé e sórí Fesibúùkù?”

Mo ní, “Ṣé a jí i ni?”

Ọjọ́rú, 9

Àwọn ọmọ abúlé ń kí mi lórí Fesibúùkù. “Bámilóyè, o ti dolówó!” Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà dùn. Lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ̀rọ ti ń gé pépà, mo rí ara mi nínú Àdàbà lójú ọ̀nà abúlé. Eruku pupa lẹ́yìn mi. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ń sáré tẹ̀ lé mi, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Ọ̀gá ní bí mo bá gé ìka mi, òun ò ní sanwó ọsibítù.

Ẹtì, 11

Òjò látàárọ̀. Níní sùn sínú Àdàbà. Nígbà tó jí, ó ní omi gbé òun lọ jìnnà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Gíríìsì nà wá ní bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé wà nídìí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ní ìkòríta, tí wọ́n ti fọ Àdàbà rí, ló mú un wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní lánàá, ní Fádèyí, òun fi mọ́tò òun ha mọ́tò kan lára, ẹ̀rù ba òun, òun sá lọ. Oorun ò kun òun mọ́. Ó ti kọ nọ́ńbà mọ́tò náà sórí bébà. Nọ́ńbà Àdàbà ni.

“Mo fẹ́ bẹ olówó rẹ̀ ni, àbúrò. Mo fẹ́ tún un ṣe.”

Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ń yìn ín bí ẹni ń yin wòlíì. Irú èèyàn báyìí ṣì wà ní Èkó! Orí mi wú. Onírẹ̀lẹ̀ ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Mo júwe ilé fún un, géètì aláwọ̀ ewé. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni Àǹtí máa ń wà nílé. Ó bi mí bóyá ọmọ wà nílé, kóun má bàa wá lọ́wọ́ òfo. Mo ní ọ̀kan ni, obìnrin, ó fẹ́ràn gúrúdì.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo sọ fún Àǹtí. Wọ́n ní, “Fádèyí? Lánàá? Mi ò gbé mọ́tò jáde lánàá.” A jáde lọ wò ó. Mo fi ìka tọ ara Àdàbà yí ká. Kò sí ìlà kankan.

“Ohùn rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó tutù.”

“Bó ṣe máa ń tutù nìyẹn.” Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Ibo ló ti rí nọ́ńbà?”

Mo ní orí Fesibúùkù. Wọ́n bèèrè àwòrán, mo fi hàn wọ́n lójú fóònù. Wọ́n fi ìka kan lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú. Ikúmápàyí mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni mí. Èkó tóbi, ì bá wá wọn tì. Èmi ni mo sọ Èkó di àdúgbò kan fún un. Àwọn tó ń fọ mọ́tò sọ àdúgbò di ilé ìtẹ̀wé. Èmi náà ni mo tún sọ ọ́ di géètì aláwọ̀ ewé.

Àǹtí ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ẹtì, 18

Kọ̀ńpútà yọ àwòrán náà kúrò. Ó ní ẹni tó bá ti rí i ti rí i. Kò sọ pé “ṣebí mo wí fún ọ.” Ọ̀rẹ́ ni.

Àǹtí ti di ẹrù, àpò méjì péré. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ Àdàbà lé mi lọ́wọ́. Mo ní níbo là ń lọ. Wọ́n ní, “Èmi àti Níní nìkan là ń lọ. Má bèèrè ibi tí à ń lọ.” Inú bí mi. Èmi? Èmi tí mo lè kú torí wọn?

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ò mọ irọ́ pa, Bámilóyè. Ojú rẹ á ti sọ ọ́ kẹ́nu rẹ tó là.”

Mo gbé àpò tẹ̀ lé wọn dé etí ọ̀sà. Ìkùukùu bo omi, afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kàn léfòó sókè bí ẹni pé kò lẹ́sẹ̀. Níní ní ṣé inú wàrà là ń wọ̀. Àǹtí ní kí n kẹ̀yìn sí wọn, kí n má rí ibi tí ọkọ̀ kọjú sí. Mo kẹ̀yìn. Mo gbọ́ àjẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà ohùn Níní ń dágbére fún mi, lẹ́yìn náà omi nìkan.

Àbámẹ́ta, 19

Ó dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì, ó kó gúrúdì dání. Kò ṣe Onírẹ̀lẹ̀ mọ́. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn ilé.

“Níbo ni wọ́n wà?”

“N kò mọ̀.”

“Màá fọ́ ẹnu rẹ.”

“Ẹ fọ́ ọ. N kò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ gan-an, n kò ní sọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀.”

Ó wo ojú mi pẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè rí kà. Àjàlá ti jáde pẹ̀lú gbogbo ará ilé, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, géètì tẹ́ ẹ bá wọlé, ibẹ̀ náà lẹ máa bá jáde.” Wọ́n lọ. Ó gbàgbé gúrúdì sórí àga. Mo dà á sí gọ́tà.

Ọjọ́rú, 23

Yàrá náà fẹ̀ jù.

Àìkú, 4 Oṣù Keje

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Mo gbé e, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́hùn-ún, àkùkọ kan ń kọ. Lẹ́yìn náà ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú, bí ẹni tí wọ́n tètè fọwọ́ bò lẹ́nu. Ó gé.

Nọ́ńbà náà ṣì wà lójú fóònù. Mo di ojú mi. Mo fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́.