Ẹní Opó Tí A Gbé Gun Orí Àpáta

Ilé Yèyé Gbádéyan,
Odo-Ape, lọ́nà Kàbbà.
Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 1956.

Oyèbánjí, àbúrò mi àtàtà,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun òtútù Kàdúná. Mo gbà pé ara rẹ le, pé ìyàwó àti ọmọ ń jẹun dáadáa, pé iṣẹ́ reluwé kò sì tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń gbàgbé ilé. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ilé Bàbá ti jóná, ṣùgbọ́n Ìyá wa wà láàyè. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já.

O mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí níbí. Tọdún yìí le ju gbogbo èyí tí mo mọ̀ lọ. Koríko gbẹ dé ìdí ògiri. Iná tí àwọn ọdẹ fi sun ìgbẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jó abúlé kan tán lápá ìlà oòrùn. Ni àwọn àgbà bá kéde pé kí ilé kọ̀ọ̀kan múra sílẹ̀, pé bí iná bá ń bọ̀, orí àpáta ni kí gbogbo wa sá lọ, nítorí kò sí koríko níbẹ̀.

A múra lóòótọ́. Òwú tó wà ní àjà la kọ́kọ́ gbé jáde, torí òwú àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. A ro ẹ̀yìnkùlé mọ́, a kó èèbù iṣu lọ sínú ihò àpáta, a gbé kẹrosíìnì jìnnà sílé. Lẹ́yìn náà la jókòó pín iṣẹ́. James ọkọ mi ni yóò gbé àpótí aṣọ Bàbá. Gbádéyan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, ni yóò fa ewúrẹ́, àní ewúrẹ́ alágídí tó kàn ọ́ nígbà tí o wá sìnkú yẹn. Èmi ni mo máa kó àwọn ọmọ. Kódà, a yan ẹni tí yóò gbé adìẹ tó sàba.

Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Ìyá. Inú opó ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá sínú yàrá, orí ẹní ni wọ́n ń gbé, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ìta títí opó yóò fi parí. Ta ló fẹ́ la ẹnu sọ pé òun yóò mú opó jáde? Kálukú rò ó, kálukú gbé e mì. Lọ́kàn wa, ọ̀rọ̀ Yèyé Gbádéyan nìyẹn, torí àwọn ni ẹ̀gbọ́n Bàbá, àwọn ló ń ṣọ́ opó. Yèyé ò sì sí níjòókòó.

Ọ̀sán gangan ni iná dé. Atẹ́gùn ló ń tì í bọ̀; èéfín ti bo ọ̀nà oko kí a tó pariwo. Olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo dé orí àpáta, mo ń wò yíká: ewúrẹ́ wà, adìẹ wà, Ìyá ò sí. Mo fi àwọn ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́, mo sáré padà, James tẹ̀lé mi.

Ìyá jókòó sórí ẹní nínú aṣọ dúdú wọn. Mo fà wọ́n, wọ́n di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní, “Ṣọlá, padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ. Bí mo bá jáde, ayé yóò ní èmi ni mo pa bàbá yín. Ẹ̀yin ni wọn yóò máa fi bú.” Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo tilẹ̀ jágbe mọ́ wọn. Oyèbánjí, Ìyá bẹ̀rù ẹnu ayé ju iná lọ, ó sì dùn mí dé egungun.

Ibẹ̀ ni Yèyé Gbádéyan wọlé, Gbádéyan ọmọ wọn tẹ̀lé wọn. O mọ Yèyé. Àwọn tó ní kí ọbẹ̀ opó má níyọ̀, tí wọn ò jẹ́ kí Ìyá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìyá ni. Wọ́n bi Ìyá pé, “Ta ló fi ọ́ sórí ẹní yìí?” Ìyá ní, “Ẹ̀yin ni.” Yèyé ní, “Ó dáa. Má kúrò lórí rẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di igun ẹní kan mú, wọ́n sì pàṣẹ kí àwa yòókù di igun tó kù.

Bí a ṣe gbé Ìyá jáde nìyẹn. Oúnjẹ opó ti jẹ́ kí wọ́n fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Yèyé tú aṣọ ìlékè wọn, wọ́n fi bo Ìyá lórí. Koríko bẹẹrẹ òrùlé tó ń jó já bọ́ sí apá Yèyé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kígbe, ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹní sílẹ̀. Orí àpáta la sọ ẹní náà kalẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ la ti wo ilé Bàbá bó ṣe wó.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé opó ti bàjẹ́. Yèyé jáde sí wọn pẹ̀lú apá tí a fi ewé dì. Yèyé ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ó jáde, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi.” Ẹnikẹ́ni ò wá. Yàrá tiwọn ni Yèyé tẹ́ ẹní Ìyá sí, àwọn fúnra wọn sì ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ Ìyá.

Ìjẹta ni opó parí. Yèyé fárí fún Ìyá, wọ́n wẹ̀ fún wọn. Ìyá kò dúró jẹun. Wọ́n lọ tààrà síbi tí ilé wà. Mo tẹ̀lé wọn lókèèrè. Wọ́n wọ inú eérú dé ibi tí yàrá Bàbá wà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ gbá ojú oórì náà mọ́. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: “N kò fi yín sílẹ̀ o. Wọ́n gbé mi ni. Ẹ̀gbọ́n yín ló gbé mi.”

Kí Olúwa má jẹ́ kí a sá fún iná mọ́. Kí ó ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé tí a ó kọ́ yóò tu gbogbo wa lára.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọmọ́ṣọlá.

Àfikún: Bí o bá ń bọ̀, má ra aṣọ fún ẹnikẹ́ni, páànù la fẹ́. Yèyé ní bí o bá gbàgbé aásáà àwọn, kí o sùn síta pẹ̀lú ewúrẹ́.